Oṣù Mẹ́rin Láìgbọ́ Ohùn Tí Wọ́n Sanwó Fún: Àkọsílẹ̀ Ọ̀rọ̀ LG V30 Kan ní Ìbàdàn

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, bàbá kan ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn, tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, gbé fóònù kan tọ̀ mí wá. LG V30 ni, tòkunbọ̀ tí ọmọ wọn ọkùnrin rà fún wọn ní Computer Village ní Ìkẹjà. Ọmọ náà mọ̀ pé bàbá òun fẹ́ràn àpàlà ju oúnjẹ lọ, ó béèrè kiri, gbogbo ẹni tó bi ló sì sọ fún un pé bó bá jẹ́ ti orin gbígbọ́, owó ọwọ́ rẹ̀ kò lè ra fóònù tó sàn ju èyí lọ. Bàbá lò ó fún oṣù mẹ́rin gbáko, wọn kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín rẹ̀ àti fóònù àtijọ́ tí wọ́n ti jù sínú dúrọ́ọ̀. Wọ́n gbé e sórí tábìlì mi, wọ́n ní, "Bá mi wò ó dáadáa. Bí wọ́n bá lu ọmọ yìí ní jìbìtì, kí n tètè mọ̀, kí n má baà máa dúpẹ́ ohun tí kò sí."

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa gba orin inú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà fún àwọn tó ni wọ́n. Fóònù kì í ṣe iṣẹ́ mi gan-an, ṣùgbọ́n àwọn tí mo bá bá ṣiṣẹ́ máa ń padà wá béèrè ohun tí àwọn yóò fi gbọ́ orin náà, ìyẹn ló sọ mí di ẹni tó mọ ìran fóònù yìí. Ohun tí a rí ní ọ̀sán ọjọ́ náà àti ní ọjọ́ kejì ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe fóònù náà. Kò sí orin nínú fóònù kankan. Nọ́ńbà ló wà níbẹ̀, ẹ̀yà kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní DAC ló sì ń sọ nọ́ńbà yìí di iná tó ń mi íápíìsì tí etí fi ń gbọ́ ọ. Gbogbo fóònù tó ń kọrin ló ní DAC, ṣùgbọ́n nínú èyí tó pọ̀ jù, ẹ̀yà tíńtín kan ni, tí wọ́n há mọ́ àárín iṣẹ́ mìíràn. Àwọn kan ló kọ̀ láti fara mọ́ ìyẹn. Ní ọdún 2012, vivo ti Ṣáínà gbé X1 jáde, wọ́n sì fún orin ní ẹ̀yà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní 2015, Marshall, tí àwọn onígìtá mọ̀ mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnjáde, fi orúkọ wọn sí fóònù kan tí wọ́n pè ní London, tó ní ihò íápíìsì méjì kí ẹni méjì lè jọ gbọ́ orin kan náà. Ọdún yẹn náà ni LG ti Kòríà Gúúsù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú V10, wọ́n sì fi V20 tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ọjọ́ kejì rẹ̀ gan-an ni Apple fi iPhone 7 hàn, fóònù tí wọ́n ti yọ ihò íápíìsì kúrò lára rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ méjì ni wọ́n kọ ẹ̀yìn síra láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, ọ̀nà tí Apple gbà ni ayé sì tọ̀. Ní Japan, Onkyo ṣì gbé Granbeat jáde ní 2017, tó ní DAC méjì àti ihò íápíìsì méjì, àmọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ orin ti wọ̀ lẹ́jẹ̀ nìkan ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà fún.

V30 tó wà níwájú wa yìí, Berlin ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi í hàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 2017. Ẹ̀yà tó ń ṣe iṣẹ́ orin nínú rẹ̀ ni ES9218P, iṣẹ́ ọwọ́ ESS Technology ti California. LG pè é ní Quad DAC nítorí pé DAC mẹ́rin ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo kékeré tó ń ti inú ọ̀kan jáde kì í bá ti èkejì dọ́gba, nítorí náà bí a bá pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, orin á máa kún orin, ariwo á sì máa pa ara rẹ̀ jẹ. Bí ẹni mẹ́rin bá jọ ń gberin, tí ọ̀kan sì wú ikọ́, etí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ikọ́ náà bíi pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń kọrin.

Ohun tí mo kọ́kọ́ bi Bàbá ni ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ orin. Wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò, wọ́n mú íápíìsì Bluetooth funfun méjì jáde nínú àpótí kékeré rẹ̀.

Ẹjọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí níbẹ̀. Nígbà tí a bá fi Bluetooth gbọ́ orin, fóònù kì í sọ nọ́ńbà di ohùn rárá. Ńṣe ló ń fún nọ́ńbà náà pọ̀, tó ń fi í ránṣẹ́ lórí afẹ́fẹ́, DAC kékeré mìíràn tó wà nínú íápíìsì náà ni yóò sì gbà á tí yóò sọ ọ́ di ohùn, nígbà tí Quad DAC sùn fọnfọn. Kí wọ́n tó fún un pọ̀, orin inú CD ń gba 1,411 kílóbíìtì (ìwọ̀n bí nọ́ńbà orin ṣe pọ̀ tó) ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìlànà ìfúnpọ̀ tí wọ́n ń pè ní SBC, tí gbogbo íápíìsì Bluetooth olórin gbọ́dọ̀ mọ̀, kì í sábà ju nǹkan bíi 328 lọ. LDAC tí Sony ṣe lè gbé e dé 990, ṣùgbọ́n íápíìsì Bàbá kò mọ LDAC, bó bá tilẹ̀ mọ̀ ọ́n pàápàá, DAC tirẹ̀ ni yóò ṣì máa lò. Ohun tí ọmọ náà torí rẹ̀ náwó kò tíì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan láti ìgbà tí fóònù ti dé Ìbàdàn.

Kì í ṣe pé Bàbá kórìíra wáyà. Ní ọjọ́ tí fóònù dé, wọ́n ti kọ́kọ́ fi íápíìsì oníwáyà sí i, etí kan ṣoṣo ló ń dún, èkejì ń ha, bí wọ́n bá sì mirí díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. Ọmọ wọn pe ẹni tó tà á. Ẹni náà fèsì pé ihò náà ti kú, pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀ torí Bluetooth ni gbogbo ayé ń lò báyìí, ó sì fi íápíìsì funfun yẹn ránṣẹ́ láti fi tù wọ́n nínú. N kò mọ̀ bóyá ó purọ́ ni tàbí ó kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán nílẹ̀.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò náà. Isàlẹ̀ rẹ̀ kò dán bó ti yẹ kó dán. Ó dúdú, ó sì rí múlọ́múlọ́. Mo pa fóònù, mo gbẹ́ orí igi ìtayín kan kó lè tẹ́ẹ́rẹ́ sí i (ẹ má fi abẹ́rẹ́ tàbí pín-ìn-nì ṣe é, àwọn irin kéékèèké tó ń pàdé íápíìsì nínú ihò yẹn kò gba ìyà), mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i jẹ́jẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ògiri. Nǹkan tó jáde jẹ́ ìdì òwú eléérú tó tóbi tó hóró ọkà bàbà kan, òwú inú àpò ṣòkòtò ẹni tó lo fóònù náà kó tó kọjá òkun, tí wọ́n ti fi orí íápíìsì tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọdún mélòó kan títí tó fi le bí ìdè. Nígbà tí mo ti íápíìsì bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dún "kẹ́", ó jókòó dé ìsàlẹ̀, etí méjèèjì sì dún. Bàbá mú òwú náà lé àtẹ́lẹwọ́, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n ní, "Èyí ni ikú tí ihò náà kú?"

Síbẹ̀, ohùn tó jáde kò tíì yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nínú fóònù yìí, Quad DAC kì í tan fúnra rẹ̀ títí tí oníbàárà yóò fi tàn án, nítorí pé ó ń jẹ bátìrì ju ti ojoojúmọ́ lọ. Bí wáyà bá ti wọlé, ẹni tó ni ín ní láti fa ojú fóònù wá sílẹ̀ láti òkè kó sì tẹ àmì rẹ̀, tàbí kó gba Settings lọ sí ibi ètò ohùn. Bí kò bá sí wáyà, kò ní gbà kí a tàn án, ìyẹn ni Bàbá kò fi lè ṣèèṣì rí i ní gbogbo oṣù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn tó ní ìran fóònù yìí pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Héèdìfóònù kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tó fi ń dènà iná, ohm ni wọ́n sì fi ń díwọ̀n rẹ̀. Ní àkókò tí a bá ń ti wáyà bọ ihò ni V30 máa ń yẹ ìwọ̀n yìí wò, tó sì máa ń pinnu bí iná tí yóò fi ránṣẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó. Íápíìsì ojoojúmọ́, tí kì í ju ohm 16 tàbí 32 lọ, bọ́ sí abẹ́ agbára kékeré. Láti 50 sókè ni agbára ńlá ti bẹ̀rẹ̀. Héèdìfóònù tí mo fi ń ṣiṣẹ́, Sennheiser HD 600, jẹ́ ohm 300. Bí a bá ti í bọ fóònù lásán, ńṣe ló máa ń dún bí ẹni tí kò jẹun láàárọ̀. V30 gbé e láìlàágùn. Bàbá dé e sórí, wọ́n sì rọra yọ fìlà sílẹ̀ kó má baà dí wọn lọ́wọ́; ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé a ti ń súnmọ́ ibi tí à ń lọ.

Mo ní kí wọ́n yan orin tó bá wù wọ́n nínú èyí tó wà nínú fóònù. Wọ́n yan Haruna Ishola. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ tí wọ́n fi fajú ro. "Ó tilẹ̀ wá burú sí i," ni wọ́n wí.

Òótọ́ ni wọ́n sọ, ibẹ̀ sì ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Mo ṣí àlàyé fáìlì náà wò: MP3 ni, kílóbíìtì 64 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Orin tó kù nínú fóònù náà kò sàn jù ú lọ. WhatsApp ni ọ̀pọ̀ ti wá, láti ọwọ́ ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ àpàlà tí wọ́n ń pín orin fún ara wọn, èyí tó dára jù kò kọjá 128. Bí MP3 ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ó máa ń ju ohun tó bá rò pé etí kò ní gbọ́ nù, kí fáìlì lè kéré. Bí a bá fún un láyè tó pọ̀, ó gbọ́n gan-an, púpọ̀ wa kò ní mọ ohun tó jù. Bí a bá há a mọ́ 64, kò ní rí ohun tí etí kò nílò jù nù mọ́, èyí tí etí nílò ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jù nù, ohùn tín-ín-rín tó wà lókè ló sì kọ́kọ́ ń lọ.

Kò sí orin tí èyí ń pa lára tó àpàlà. Nínú ẹgbẹ́ Haruna Ishola, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kì í dákẹ́. Òun ló ń fa okùn àkókò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn rẹ̀ sì jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìró kéékèèké tí ìlẹ̀kẹ̀ ń ṣe lára igbá, tí ọ̀kan kò bá ọ̀kan dọ́gba. Irú ìró bẹ́ẹ̀ ni MP3 kékeré kò mọ bí yóò ṣe dì. Nínú fáìlì Bàbá, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti di ohun tó ń sọ "ṣìì, ṣìì" bí ẹni ń da yanrìn sínú omi, agogo sì ní ìrù tó ń gbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀. Íápíìsì Bluetooth kékeré ti ń bá wọn bo gbogbo èyí mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Quad DAC àti HD 600 kò bo nǹkan kan. Wọ́n gbé àbàwọ́n náà síta gbangba bó ṣe wà. Ẹ̀rọ tó dára kò lè dá ohun tí wọ́n ti jù nù padà, bó ti wù kí DAC rẹ̀ pọ̀ tó.

Mo bi wọ́n bóyá àwo orin náà gan-an ṣì wà nílé. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbé e wá nínú báàgì ìrẹsì, páálí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán, ṣùgbọ́n ojú àwo kò burú. Mo fọ̀ ọ́, mo gbẹ ẹ́, mo yí abẹ́rẹ́ padà, mo sì gba ojú kìíní sílẹ̀ ní bíìtì 24 àti 96 kHz (bíìtì ni bí a ṣe ń díwọ̀n ohùn ní kínníkínní tó, kHz ni iye ẹgbẹ̀rún ìgbà tí a ń díwọ̀n rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ìwọ̀n tí àwọn tó ń ta orin gíga, ìyẹn orin tí ìwọ̀n rẹ̀ ju ti CD lọ, máa ń gbé sójú pátákó. Láti inú ẹyọ ìgbàsílẹ̀ kan yìí ni mo ti ṣe ẹ̀dà méjì mìíràn, ọ̀kan ní ìwọ̀n CD, ìyẹn bíìtì 16 àti 44.1 kHz, ìkejì ní MP3 oníkílóbíìtì 64. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí ìfiwéra fi lè tọ́: bí orísun bá yàtọ̀, orísun là ń fi wéra, kì í ṣe ìwọ̀n. Mo rí i dájú pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pariwo dọ́gba, nítorí ohun tó bá fi díẹ̀ pariwo ju èkejì lọ ni etí máa ń pè ní èyí tó dùn. Mo fi FLAC di àwọn méjì àkọ́kọ́, ìlànà ọdún 2001 tó ń dín fáìlì kù láìju ohunkóhun nù.

Mo fi bébà bo ojú fóònù, ọmọ-ọmọ Bàbá obìnrin tó tẹ̀ lé wọn wá ló sì ń tẹ orin bí ó ṣe wù ú, ó ń kọ èyí tó tẹ̀ sínú ìwé iṣẹ́ ilé rẹ̀. Láàárín MP3 àti ẹ̀dà CD, ìgbà mẹ́fà ni wọ́n gbọ́, ìgbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n mọ̀ ọ́n, ìgbà tó kẹ́yìn kò tilẹ̀ gbà ju kí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wọlé lọ. "Agídìgbo yìí ní ikùn," ni wọ́n ń sọ ṣáá, "tọ̀hún ò níkùn." Láàárín ẹ̀dà CD àti ti 96 kHz, wọ́n gba mẹ́ta, wọ́n pàdánù mẹ́ta, ìyẹn ni pé bí wọ́n bá ta owó ẹyọ, bákan náà ni yóò rí. Mo gbìyànjú rẹ̀ wò fúnra mi nígbà tí wọ́n lọ tán, èmi náà kò ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, inú mi kò sì dùn sí i, nítorí pé mo ti ń gba owó lórí 96 kHz láti ìgbà pípẹ́.

Kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. 44.1 kHz lè gbé gbogbo ohùn tó wà nísàlẹ̀ nǹkan bíi 22 kHz (níbí, kHz ni bí ohùn ṣe ròkè tó), etí ọ̀dọ́ tó mọ́ tónítóní sì ń parí sí nǹkan bíi 20. Etí ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́. Bíìtì 16 fún wa ní àyè nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 96 láàárín ohùn tó kéré jù àti èyí tó pariwo jù, kò sì sí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù tí abẹ́rẹ́ ti ń rìn lórí rẹ̀ láti ìgbà Gowon tó lè lò ó tán kí ariwo ojú àwo tó bò ó. Ní Amẹ́ríkà, Meyer àti Moran tẹ ìwádìí kan jáde ní 2007 tí àwọn olùgbọ́ fi gbìyànjú ìgbà 554 láti mọ ìyàtọ̀ láàárín orin gíga àti irú èyí tí wọ́n mú gba ìwọ̀n CD kọjá. 276 ni wọ́n gbà. Ní 2016, Joshua Reiss ti Queen Mary University of London kó ìwádìí 18 jọ, ó sì rí i pé àwọn olùgbọ́ máa ń gba ìdá 52.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyàtọ̀ náà wà, nítorí náà n kò ní sọ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín ju ohun tí ẹ̀yìn páálí fóònù ń wí lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó wúwo lórí mẹ́mórì: ojú àwo oníṣẹ́jú ogún kan ní 24 àti 96, kí FLAC tó dín in kù, jẹ́ nǹkan bíi 691 MB, ní ìwọ̀n CD, kò tó 212.

Nígbà tí mo ń kó ọ̀rọ̀ náà jọ fún Bàbá, mo sọ fún wọn pé wọn kò lu ọmọ wọn ní jìbìtì lórí fóònù. Mo ti wo nọ́ńbà ìran rẹ̀ nínú Settings, V30 gidi ni, ohun tí wọ́n sì sọ nípa rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ẹni tó sọ pé ihò ti kú ló ṣẹ̀ wọ́n, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Èyí tó kù jẹ́ ti fáìlì, kò sì sí oníṣòwò kankan tó ta ìyẹn fún wọn. Bó bá jẹ́ pé wáyà wà láti ọjọ́ kìíní, tí orin sì ṣì jẹ́ ti WhatsApp, ibi kan náà ni à bá ti pàdé.

Wọ́n bi mí bóyá kí wọ́n máa wá tuntun rà, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé LG kò ṣe fóònù mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2021 ni LG kéde pé àwọn ń fi òwò fóònù sílẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ ní òpin oṣù keje ọdún náà. V60 ti ọdún 2020 ló kẹ́yìn nínú ìran V. Sony ṣì ń fi ihò íápíìsì sára àwọn Xperia 1 wọn, Moondrop ti Ṣáínà sì gbé MIAD 01 jáde ní 2024 pẹ̀lú ihò íápíìsì méjì, ṣùgbọ́n owó àwọn wọ̀nyí kì í ṣe owó ìfẹ̀yìntì. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò ní ihò lè ra okùn kékeré tó ní DAC nínú, tó ń wọ ojú ṣájà, àwọn kan nínú wọn sì dára gan-an. Bàbá kò nílò ìkankan nínú wọn.

Ohun tí a ṣe nìyí. Wọ́n gbé káàdì ìpè wọn padà sínú fóònù inú dúrọ́ọ̀, nítorí V30 kò lè rí àtúnṣe ètò gbà mọ́, n kò sì fẹ́ kí wọ́n máa fi ṣe ọ̀rọ̀ báǹkì. A pa íńtánẹ́ẹ̀tì V30, bátìrì rẹ̀ tó ti ń rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ díẹ̀ sí i. Ọmọ wọn ra íápíìsì oníwáyà tó wọ́n níwọ̀n fún wọn, nítorí n kò lè fún wọn ní HD 600 mi, bí wọ́n tilẹ̀ tọrọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwo mẹ́rìnlá ni wọ́n ti kó wá títí di ìsinsìnyí, mo ń gbà wọ́n sílẹ̀ ní ìwọ̀n CD, mo sì ti dín owó mi kù bó ti yẹ. Íápíìsì funfun náà ti di ti ọmọ-ọmọ wọn, ó ń fi gbọ́ fídíò.